Oníbodè Wà Lórí Àga, Ṣé Ojú Rẹ̀ Là?

Láyé ìgbà tí odi ṣì yí Ìbàdàn ká, ẹnu ibodè ni ẹrù ń gbà wọ ìlú. Oníbodè á jókòó síbẹ̀, á tú ẹrù wò, á gba owó ibodè, á sì dá ẹni tí ara bá ń fu ú sí dúró. Orúkọ náà kò tíì parẹ́ lẹ́nu wa; ẹni tó bá ti Mọlété wọ inú ìlú á kan Bódè. Iṣẹ́ yìí kan náà ni sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ímeèlì, ń ṣe fún ilé-iṣẹ́. Gbogbo lẹ́tà tó ń bọ̀ láti ìta gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá kó tó dé àpótí òṣìṣẹ́, èyí tó ń jáde náà á sì gba ibẹ̀. A máa ń ná owó àti àkókò sórí gbígbé e kalẹ̀. Bó bá wá kan ṣíṣọ́ oníbodè fúnra rẹ̀, a ó fi ping (àṣẹ tó ń béèrè bóyá ẹ̀rọ wà láàyè) kàn án lára, a ó wò bóyá pọ́ọ̀tù 25, ojú ihò tí ímeèlì ń gbà, ṣí, a ó sì lọ sùn. Gbogbo ohun tí ìyẹn sọ fún wa ni pé oníbodè wà lórí àga. Kò sọ bóyá ó ti sùn lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú sáfà kan ṣe àpẹẹrẹ kí ọ̀rọ̀ má bàa fò lókè. Ó wà nínú yàrá kan ní ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀, òṣìṣẹ́ bíi ọgọ́rùn-ún ló ń lò ó. Debian 12, ẹ̀yà Linux kan, ló wà lórí rẹ̀. Postfix ló ń gba lẹ́tà, Rspamd ló ń díwọ̀n bóyá lẹ́tà jẹ́ pàǹtí, ClamAV ló ń wá fáírọ́ọ̀sì, Unbound ló ń dáhùn ìbéèrè DNS, ìwé orúkọ íntánẹ́ẹ̀tì tó ń sọ àdírẹ́sì orúkọ kọ̀ọ̀kan. Sáfà tó ní àpótí àwọn òṣìṣẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Zabbix wà lórí ẹ̀rọ mìíràn, òun ni olùṣọ́. Ẹni tó ń lo Proxmox Mail Gateway tàbí ohun mìíràn á rí i pé orúkọ nǹkan ló yàtọ̀, ìṣòro kan náà ni.

Ibi tó dà bíi pé ó rọrùn jù ni irọ́ àkọ́kọ́ wà. Bí ẹ bá ní kí Zabbix máa béèrè `systemctl is-active postfix` lórí Debian 12, "active" ni yóò máa gbọ́, kódà bí Postfix ti kú láti àná. Ìdí ni pé postfix.service tó wà lórí Debian 12 kì í ṣe Postfix gan-an. Aṣọ òfìfo ni: /bin/true ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, ó sì ń parí lójú ẹsẹ̀. Èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ máa bi léèrè ni `postfix@-.service`. Irọ́ kejì sún mọ́ ọn. Debian 12 kì í fi rsyslog, tó ń kọ àkọsílẹ̀ sínú fáìlì, sórí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ mọ́, nítorí náà /var/log/mail.log lè má sí rárá. Script (àkójọ àṣẹ) tí ẹ dà kọ láti orí sáfà àtijọ́, tó ń ka iye ìgbà tí "reject" fara hàn nínú fáìlì yẹn, á máa mú òdo wá lójoojúmọ́. Òdo tó túmọ̀ sí àlàáfíà àti òdo tó túmọ̀ sí ojú fífọ́, ìrísí kan náà ni wọ́n ní. Ẹ fi rsyslog sí i, tàbí kí script náà máa ka `journalctl -t postfix/smtpd`. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ tún jẹ́ kí Zabbix mọ iye ìlà tuntun tó wọ inú àkọsílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 15. Bí iye náà bá di òdo ní aago 10 òwúrọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdé, nǹkan ti bàjẹ́, bó ti wù kí àwọn àmì yòókù tutù tó.

Kí ẹ tó kọ ìkìlọ̀ kankan, ẹ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè kan: bí ayẹ̀rùwò, ìyẹn Rspamd tàbí ClamAV, bá dákú, ṣé ẹnubodè á ṣí sílẹ̀ ni, àbí yóò tì? Postfix ní ìlà kan tó ń jẹ́ milter_default_action. Bí ẹ kò bá fọwọ́ kàn án, "tempfail" ló wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé bí Rspamd kò bá dáhùn, Postfix á sọ fún ẹni tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé kó padà wá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń sọ pé kí ẹ kọ "accept" síbẹ̀, kí lẹ́tà má bàa pẹ́. "Accept" túmọ̀ sí pé lọ́jọ́ tí Rspamd bá kú, gbogbo lẹ́tà á wọlé láìtú ẹrù wò, kò sì sí òṣìṣẹ́ kankan tó máa pè yín, nítorí lẹ́tà ń dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ClamAV. Bí kò bá dá Rspamd lóhùn, Rspamd á fi àmì CLAM_VIRUS_FAIL sára lẹ́tà náà, á sì jẹ́ kó kọjá. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ẹ ṣe òfin kan sínú local.d/force_actions.conf:

```
rules {
  CLAM_KU {
    action = "soft reject";
    expression = "CLAM_VIRUS_FAIL";
  }
}
```

Àwọn kan á ní lẹ́tà á há. Kò burú. Ìlànà SMTP tí ímeèlì fi ń rìn, RFC 5321, ní kí sáfà tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ máa gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i fún ọjọ́ 4 sí 5 kó tó jáwọ́. Lẹ́tà tó pẹ́ wákàtí 3 ṣì jẹ́ lẹ́tà. Fáìlì tó ti dé orí kọ̀ǹpútà akọ̀wé owó kò ṣeé gbà padà mọ́.

Ohun tí mo kà sí pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ ni pé kí ẹ máa gbé ẹrù gidi gba ẹnu ibodè, kí ẹ sì wo ohun tí oníbodè ṣe sí i. Ẹ yá sáfà kékeré kan níta, lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò bá tiyín pàdé níbì kankan. RAM 512 MB tó o. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá wọ́n ń jẹ́ kí pọ́ọ̀tù 25 jáde, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń yáni ní sáfà ló máa ń tì í pa. Ẹ fi swaks, irinṣẹ́ tó ń fi lẹ́tà ìdánwò ránṣẹ́, sórí rẹ̀, kí ó máa fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ ní gbogbo ìṣẹ́jú 10 sí àpótí tí ẹ ṣí fún ìdánwò nìkan, kí àkókò tó gbéra wà nínú àkòrí rẹ̀:

```
swaks --server mx.example.com --to idanwo@example.com \
  --from oluso@example.net \
  --header "Subject: idanwo $(date +%s)"
```

Nínú ilé, script kan á ka àpótí náà nípasẹ̀ IMAP (ìlànà kíka àpótí lẹ́tà), á yọ àkókò inú àkòrí kúrò lára àkókò tí lẹ́tà balẹ̀, á sì fi zabbix_sender gbé iye ìṣẹ́jú-àáyá tó kù lọ sí pọ́ọ̀tù 10051 lára Zabbix. Lọ́jọ́ tí ara sáfà bá yá, iye náà kì í kọjá 60. Bó bá lọ sókè 300, nǹkan kan ń fà á. Bí kò bá sí iye kankan fún ìṣẹ́jú 25, ẹ lo `nodata(25m)` láti ké gbàjarè. Aago orí sáfà méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu, nítorí náà ẹ fi chrony, tó ń tún aago ẹ̀rọ ṣe, sórí méjèèjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó máa rí lẹ́tà tó dé kó tó gbéra. Ẹ lè yọ sáfà ìdánwò yìí kúrò nínú greylisting (dídá lẹ́tà àjèjì dúró fúngbà díẹ̀ kí a tó gbà á), kí ìdádúró ìṣẹ́jú 5 rẹ̀ má bàa da ìṣirò yín rú. Ẹ má ṣe yọ ọ́ kúrò nínú àyẹ̀wò. Ẹni tí oníbodè mọ̀ lójú kò lè sọ fúnni bóyá oníbodè ń tú ẹrù.

Lẹ́ẹ̀méjì lójúmọ́, kí sáfà ìta yẹn kan náà tún gbé ẹrù tí kò yẹ kó wọlé wá. Fáìlì EICAR, tí gbogbo ẹ̀rọ agbógun-ti-fáírọ́ọ̀sì gbà pé kó dúró fún fáírọ́ọ̀sì, kò ju àmì 68 lọ, kò sì lè pa ẹnikẹ́ni lára. GTUBE ni ìlà ọ̀rọ̀ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn fún pàǹtí. Ìdáhùn mẹ́ta ló wà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ń sọ̀rọ̀. Bí sáfà bá dáhùn pẹ̀lú kóòdù tó fi 5 bẹ̀rẹ̀, ó ti kọ ẹrù náà, ohun tí a fẹ́ nìyẹn. Bó bá fi 4 bẹ̀rẹ̀, ayẹ̀rùwò ti dákú, ilẹ̀kùn sì tì bí a ṣe pàṣẹ. Bó bá jẹ́ 250, fáírọ́ọ̀sì ti wọlé, kí fóònù dún lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ aago 3 òru. Kí èyí tó lè ṣiṣẹ́, `action = "reject"` gbọ́dọ̀ wà nínú local.d/antivirus.conf. Láìsí i, Rspamd á kàn fi àmì sára lẹ́tà ni, kò ní dá a padà. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé ìlà yìí, tí wọ́n á sì máa fi ọkàn balẹ̀ sórí ClamAV tí kò ní agbára láti dá ẹnikẹ́ni dúró.

Ó wá kan ìlà àwọn lẹ́tà tó há. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń kà ni iye wọn. Iye dára, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí èyí tó pẹ́ jù sọ òótọ́ ju iye lọ. Lẹ́tà 300 tó há fún ìṣẹ́jú 4 lè jẹ́ ìwé ìròyìn oṣù tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́. Lẹ́tà 6 tó ti há fún ọjọ́ 2 ń súnmọ́ ọjọ́ 5, tí í ṣe gbèdéke tí Postfix fi ń dá a padà sí ẹni tó kọ ọ́. Láti ìgbà Postfix 3.1, `postqueue -j` ń kọ ìlà JSON kan fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, àkókò tó dé sì wà nínú rẹ̀:

```
postqueue -j | jq -s 'now as $n |
  $n - ((map(.arrival_time) | min) // $n) | floor'
```

Ìyẹn á fún yín ní iye ìṣẹ́jú-àáyá tí lẹ́tà tó pẹ́ jù ti lò. Apá tó ní `// $n` ni kò jẹ́ kí ìlà tó ṣófo mú àṣìṣe wá. Ẹ má gbìyànjú láti fi `find` ka inú /var/spool/postfix/deferred. Aṣàmúlò tí Zabbix fi ń ṣiṣẹ́ kò láṣẹ láti wọ ibẹ̀, òdo ni yóò sì máa kà, òdo afọ́jú kan náà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ewu mìíràn tún wà. Ìṣẹ́jú-àáyá 3 ni aṣojú Zabbix ń dúró de àṣẹ kó tó jáwọ́. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà 20,000 bá há, àṣẹ yìí á pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, Zabbix á kọ "not supported", àwòrán ìlà á sì já gẹ́lẹ́ nígbà tí ẹ nílò rẹ̀ jù. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí cron, tó ń tẹ àṣẹ lásìkò, máa ṣe ìṣirò ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan sínú fáìlì kékeré, kí Zabbix máa ka fáìlì náà. Ẹ tún máa ṣọ́ ọjọ́ orí fáìlì yẹn fúnra rẹ̀, kí cron tó kú má bàa fi iye àná tàn yín jẹ.

Bí ìkìlọ̀ bá dún, `qshape deferred` ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀. Ó ń to lẹ́tà tó há ní ìlà-ìlà gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n ń lọ àti bí wọ́n ṣe pẹ́ tó. Bí gbogbo wọn bá kórajọ sábẹ́ orúkọ kan níta, ibẹ̀ ni kò gbà wọ́n. Bí wọ́n bá fọ́n ká sábẹ́ oríṣiríṣi orúkọ, ẹ má wo ìta. Ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì yín, DNS yín tàbí orúkọ rere àdírẹ́sì yín ló ní àrùn. Bó bá jẹ́ pé abẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ yín gan-an ni wọ́n kórajọ sí, sáfà àpótí tó wà lẹ́yìn ló ṣubú. Nínú àkọsílẹ̀, ẹ wo `delays=` tó ní nọ́ńbà mẹ́rin. Èkíní ni àkókò kí lẹ́tà tó bọ́ sọ́wọ́ alákòóso ìlà, ìkejì ni àkókò tó lò lọ́wọ́ rẹ̀, ìkẹta ni wíwá DNS àti kíkan ilẹ̀kùn, ìkẹrin ni gbígbé ẹrù wọlé. Ẹni tó bá mọ nọ́ńbà mẹ́rin yìí kò ní máa bú ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹ̀ṣẹ̀ tí dísìkì rẹ̀ ṣẹ̀.

Ìyà RAM ló ń pa ClamAV jù. Àwọn tó ṣe é dámọ̀ràn RAM 3 GiB ó kéré tán, ìdí sì wà. Bí freshclam bá mú àkójọ àmì fáírọ́ọ̀sì tuntun dé, clamd, ìyẹn ClamAV tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, á kó tuntun sórí RAM nígbà tí ti àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Fún ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀ ó ń jẹ ìlọ́po méjì, bí RAM bá sì tán, kernel, ọkàn Linux, á pa á. Lórí sáfà 2 GB, bó ṣe ń rí nìyẹn: gbogbo nǹkan á dára lójú ọ̀sán, clamd á sì kú lóru láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. `journalctl -k | grep -i oom` á fi hàn yín. Ẹ ra 4 GB. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ kọ `ConcurrentDatabaseReload no`, kí ẹ sì mọ̀ pé clamd kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn fún àkókò tó bá fi ń kó tuntun sórí. Ẹ tún ṣọ́ ọjọ́ orí àkójọ náà. Bó bá ju wákàtí 48 lọ, kí ìkìlọ̀ dún. `sigtool --info` ń kọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Fáìlì náà lè jẹ́ daily.cvd, lẹ́yìn àtúnṣe díẹ̀díẹ̀ ó á di daily.cld, nítorí náà kí script yín máa wá orúkọ méjèèjì.

Dísìkì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìkìlọ̀ ní 80%, igbe ní 90%, kí ẹ sì máa wo `df -i` pẹ̀lú `df -h`, nítorí lẹ́tà kéékèèké lè jẹ inode (nọ́ńbà tí fáìlì kọ̀ọ̀kan ń gbà lórí dísìkì) tán nígbà tí àyè ṣì pọ̀ nílẹ̀. Bí àyè bá dín sí ìlọ́po kan àbọ̀ ìwọ̀n lẹ́tà tó tóbi jù tí ẹ gbà láàyè, Postfix á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbogbo lẹ́tà pẹ̀lú 452 4.3.1. Ìwé ẹ̀rí TLS náà, tó ń bo lẹ́tà lójú ọ̀nà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò láti orí wáyà pẹ̀lú `openssl s_client -starttls smtp`, kí ìkìlọ̀ dún nígbà tó bá ku ọjọ́ 14. Kò tó ohun tí a ń jí ènìyàn lóru fún, nítorí ọ̀pọ̀ sáfà tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ kì í wo ọjọ́ orí rẹ̀.

DNS ló ń pa ojú oníbodè láìsí ariwo. Rspamd máa ń béèrè lọ́wọ́ Spamhaus, àjọ tó ń to àdírẹ́sì oní-pàǹtí jọ, bóyá àdírẹ́sì kan jẹ́ ti ọ̀daràn. Bí sáfà yín bá ń gba ọ̀nà 8.8.8.8, DNS Google tí gbogbo ayé ń lò, béèrè, Spamhaus kò ní dáhùn ìbéèrè náà, 127.255.255.254 ni yóò dá padà, èyí tó túmọ̀ sí pé "ojú ọ̀nà gbogbo ayé lo gbà wá". Pàǹtí á wá máa pọ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sì sí ohun tó kú. Ìdí tí Unbound fi gbọ́dọ̀ wà lórí sáfà náà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí Zabbix máa ṣe ìdánwò yìí ní wákàtí kọ̀ọ̀kan:

```
dig +short 2.0.0.127.zen.spamhaus.org
```

Ìdáhùn tó dára á ní 127.0.0.2 nínú. Òfìfo tàbí 127.255.255.ohunkóhun, ojú ti fọ́ nìyẹn.

Níbi tí Ìbàdàn ti yàtọ̀ sí ohun tí ìwé ìtọ́sọ́nà òkè òkun rò ni iná, ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì àti ooru. Ọ̀pọ̀ inverter ọ́fíìsì kò ní okùn tó lè bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Bí UPS yín bá ní in, NUT, ètò tó ń ka ipò UPS, á máa sọ fún yín: OL ni iná NEPA wà, OB ni orí bátìrì la wà, LB ni bátìrì fẹ́ tán. Bí kò bá ní in, ọ̀nà kan wà tí kò wọ́n. Ẹ mú ráútà àtijọ́ kan, ẹ kì í sínú ihò iná NEPA tààrà, kó má gba inverter, kí Zabbix máa fi ping kàn án. Ìgbà tí kò bá dáhùn, wọ́n ti mú iná lọ. Láti ìgbà yẹn ni kí ẹ ti máa ka iye ìṣẹ́jú tí bátìrì ti lò, kí sáfà sì pa ara rẹ̀ dáadáa kí bátìrì tó tán, nítorí dísìkì tí iná já mọ́ lọ́wọ́ lè ba àwọn lẹ́tà tó wà nínú ìlà jẹ́. Ẹ̀rọ amúlétutù kì í sábà wà lórí inverter. Iná á lọ, sáfà á máa ṣiṣẹ́, yàrá á sì máa gbóná. Lóṣù Kẹta, ní yàrá tí fèrèsé rẹ̀ tì, kì í pẹ́. ASHRAE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù, dámọ̀ràn 18 sí 27°C fún afẹ́fẹ́ tó ń wọ sáfà. Kí ìkìlọ̀ dún ní 30, kí sáfà sì pa ara rẹ̀ ní iye tí ẹni tó ṣe é kọ pé kó má kọjá.

Ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì ní ewu tó fara sin ju iná lọ. Ọ́fíìsì púpọ̀ ní fáíbà, wọ́n sì ní 4G lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ tí àwọn tó ń gbẹ́ gọ́tà bá gé fáíbà. Ráútà á yí sí 4G fúnra rẹ̀, gbogbo ènìyàn á sì yọ̀ pé íntánẹ́ẹ̀tì kò lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́tà yín á máa jáde láti àdírẹ́sì tí SPF yín (àkójọ àdírẹ́sì tó láṣẹ láti fi orúkọ yín kọ lẹ́tà) kò mọ̀, tí kò ní PTR (orúkọ tí DNS so mọ́ àdírẹ́sì) tó jọ orúkọ yín, tó sì ṣeé ṣe kó wà nínú PBL Spamhaus, níbi tí wọ́n ń kọ àdírẹ́sì àwọn oníbàárà lásán sí. Láti oṣù Kejì ọdún 2024 ni Gmail ti ń béèrè fún PTR àti SPF tàbí DKIM (ìbuwọ́lù orí lẹ́tà) lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí i. Wọ́n lè má sọ pé "padà wá". Wọ́n lè fi kóòdù 5 dá a padà, lẹ́tà náà sì ti lọ nìyẹn. Ohun tó tọ́ ni pé kí ráútà dí pọ́ọ̀tù 25 lójú ọ̀nà 4G pátápátá. Kí lẹ́tà jókòó sínú ìlà títí fáíbà á fi padà dé. Ọjọ́ 5 wà fún un. Kí Zabbix sì máa bi sáfà ìta léèrè ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún pé àdírẹ́sì wo lo rí wa sí. Bí àdírẹ́sì bá yí padà, ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni kó dún, kí gbogbo ìkìlọ̀ yòókù so mọ́ ọn, kí ọgbọ̀n àtẹ̀jíṣẹ́ má bàa ya wọlé ní ìṣẹ́jú kan.

Ìkìlọ̀ nípa ímeèlì kò gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà ímeèlì. Telegram dára níwọ̀n ìgbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà. Ọjọ́ tí kò bá sí, àtẹ̀jíṣẹ́ láti orí SIM ló kù: modẹ́ẹ̀mù USB kan, gammu tó ń darí rẹ̀, àti SIM tó ní kíredíìtì. Kíredíìtì yẹn náà, ẹ ṣọ́ ọ, kí gammu máa fi USSD béèrè iye tó kù lọ́ṣọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ má gbára lé àwọn tó ń tà àtẹ̀jíṣẹ́ lọ́pọ̀ yanturu, nítorí fóònù tí ẹni tó ni ín bá ti fi 2442 dí ìpolówó lè má rí ti wọn gbà. Bí ẹ bá fẹ́ kọ ìkìlọ̀ ní Yorùbá, mo sì fẹ́ kí ẹ ṣe é, ẹ ránti pé àtẹ̀jíṣẹ́ lásán gba àmì 160, ṣùgbọ́n ẹ, ọ àti ṣ kò sí nínú lẹ́tà tí àtẹ̀jíṣẹ́ lásán mọ̀. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá wọ inú rẹ̀, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ náà á bọ́ sí àmì 70. Ẹ kọ ọ́ ṣókí: ohun tó bàjẹ́, iye tó jẹ́, àṣẹ àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹni tó jí tẹ̀. "ClamAV kú, ìṣẹ́jú 4. Wo: journalctl -k" wọ inú 70, àyè sì ṣẹ́kù.

Ohun mẹ́rin péré ni mo gbà pé kó jí ènìyàn lóru. EICAR tó wọlé. Lẹ́tà ìdánwò tí kò dé. Bátìrì tó fẹ́ tán. Òṣìṣẹ́ kan tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ ju bó ṣe ń ṣe lọ, fún àpẹẹrẹ ènìyàn 200 láàárín wákàtí kan, nítorí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé olè ti gba ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé rẹ̀, wíwẹ orúkọ yín mọ́ lẹ́yìn òru kan sì lè gba ọjọ́ púpọ̀. Ìyókù lè dúró di àárọ̀. Fún ààlà àwọn ìyókù, ẹ má ṣe ya nọ́ńbà lò. Ẹ jẹ́ kí Zabbix kàn máa kọ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2, ẹ wo bí ọjọ́ Mọ́ńdé, ọjọ́ Sátidé àti òru ṣe rí, kí ẹ tó fi `time()` àti `dayofweek()` pààlà. Ọjọ́ Iléyá á dákẹ́ bíi ọjọ́ Sọ́ńdè. Ẹ kọ ìsinmi sínú maintenance Zabbix (àkókò tí ìkìlọ̀ kì í dún) ṣáájú. Kí ìkìlọ̀ ìlà lẹ́tà tó dún ní 200 má dákẹ́ títí yóò fi wá sí 100, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á máa dún, á máa dákẹ́, ẹni tó ń gbọ́ ọ á sì yí etí kúrò.

Àkọsílẹ̀ yìí ní orúkọ ènìyàn nínú: ta ló kọ̀wé sí ta, nígbà wo. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 fún ilé-iṣẹ́ ní wákàtí 72 láti fi ìfọ́lé tó lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá tó àjọ tó ń bójú tó o létí. Nítorí náà, kí àwọn tó láṣẹ láti ka àkọsílẹ̀ má pọ̀, kí ọjọ́ tí ẹ máa pa á mọ́ ní ààlà, kí gbogbo ẹ̀rọ sì wà lórí aago kan náà. Africa/Lagos dúró gbọn-in ní UTC+1 jálẹ̀ ọdún, ṣùgbọ́n sáfà tí ẹ yá níta lè wà lórí UTC, wákàtí kan yẹn sì tó láti mú kí ìtàn ìfọ́lé dojú rú.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ pa ClamAV fúnra yín ní ọjọ́ iṣẹ́, ní nǹkan bí aago 2 ọ̀sán, láìsọ fún ẹni tó ń gba ìkìlọ̀. Lórí Debian, ẹ gbọ́dọ̀ pa socket rẹ̀ pẹ̀lú, torí bí socket bá wà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bá dé á tún jí i:

```
systemctl stop clamav-daemon.socket clamav-daemon
```

Ẹ wo aago. Ẹ kọ ìṣẹ́jú tí fóònù dún sílẹ̀, ẹ kọ ìṣẹ́jú tí ẹni náà dáhùn. Ẹ fi swaks gbé EICAR kan wá láti ìta, kí ẹ rí i pé kóòdù 4 ló gbà. Lẹ́yìn náà ẹ dá méjèèjì padà, kí ẹ sì dúró títí clamd á fi kó àmì fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ sórí RAM tán, tí yóò sì fi PONG dá PING yín lóhùn, kí ẹ tó kúrò nídìí rẹ̀.